Ìrẹsì Tí A Kò Kà Sí

Ọ̀rọ̀ irúgbìn ìrẹsì ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. A fẹ́ sọ ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe ń wádìí ìbátan tó wà láàárín ìrẹsì kan àti òmíràn, kí wọ́n tó yan èyí tí yóò ṣe bàbá àti ìyá fún irúgbìn tuntun.

Ní ọdún 1966, iléeṣẹ́ ìwádìí ìrẹsì tí à ń pè ní IRRI, ní Los Baños ní orílẹ̀-èdè Philippines, gbé irúgbìn kan jáde. IR8 ni orúkọ rẹ̀. Òbí rẹ̀ kan jẹ́ ìrẹsì gíga láti Indonesia, èkejì jẹ́ kúkúrú láti Taiwan. Kì í tètè wó, ó sì ń jẹ ajílẹ̀ dáadáa. Àwọn àgbẹ̀ Éṣíà sáré gbà á, wọ́n sì gba àwọn àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ibẹ̀ gan-an ni ewu gbà wọlé. Oko lọ salalu, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Agbo ilé tí kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo bá ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹ mọ bí yóò ti rí lọ́jọ́ tí olè bá rí kọ́kọ́rọ́ náà he.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àrùn kan dé tí ń sọ ìrẹsì di ràrá bíi koríko, tí kì í jẹ́ kó so. Kòkòrò kékeré kan ló ń gbé e kiri. Àwọn onímọ̀ IRRI kó irúgbìn tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ jáde, wọ́n dán èyí tó ju 6,000 wò. Ẹyọ kan péré ló ta ko àrùn náà: ìrẹsì igbó kan láti Íńdíà, Oryza nivara. Bí ẹ bá rí i lóko yín, ẹ ó fà á tu ni. Ṣùgbọ́n Gurdev Khush àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú un bímọ pẹ̀lú ìrẹsì oko, IR36 sì jáde ní 1976. Ní àwọn ọdún 1980, IR36 ti gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 hẹ́kítà ilẹ̀.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà ní Áfíríkà tiwa náà, ó sì gùn ju ìyẹn lọ. Ó ti tó nǹkan bí 3,000 ọdún tí àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò Ọya, ní ibi tí à ń pè ní Málì lónìí, ti sọ ìrẹsì igbó di ìrẹsì oko. Oryza glaberrima ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nígbà tí ìrẹsì Éṣíà bá ọkọ̀ òkun àwọn Potogí dé, ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn, ó ń so ju ti ilé lọ, àwọn àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti ilé tì. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ìrẹsì Áfíríkà máa ń wó, hóró rẹ̀ máa ń dà sílẹ̀ kí dòjé tó débẹ̀, ó sì ń fọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ fẹ̀, ó tètè ń bo ilẹ̀, kì í jẹ́ kí èpò rí oòrùn. Ẹni tó ti fi ọkọ́ ro oko ìrẹsì orí ilẹ̀ gbígbẹ rí mọ ohun tí ìyẹn tó sí.

Ní 1991, Monty Jones, ọmọ Sierra Leone, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní iléeṣẹ́ WARDA (AfricaRice ni wọ́n ń pè é báyìí) ní ẹ̀bá Bouaké, Côte d'Ivoire. Wọ́n gbin oríṣi ìrẹsì Áfíríkà tó lé ní 1,000. Wọ́n wọn gíga wọn, wọ́n ka ọjọ́ tí wọ́n fi yọ òdòdó, wọ́n wo ewé àti hóró. CG 14, tó ti Senegal wá, wà lára àwọn tí wọ́n yàn. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ pẹ̀lú ìrẹsì Éṣíà ti jìnnà jù. Ọmọ tí àwọn méjèèjì bí yàgàn, èèpo lásán ló ń so. Wọ́n ní láti mú ọmọ náà padà sọ́dọ̀ òbí rẹ̀ ti Éṣíà lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ní hóró nínú. Báyìí ni NERICA ṣe wáyé. Nàìjíríà gba NERICA 1 wọlé ní 2003, òun ni à ń pè ní FARO 55. Ní 2004 Jones wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn World Food Prize.

Ojú nìkan kò tó láti mọ ìbátan irúgbìn. Orúkọ pàápàá máa ń tanni: ohun tí à ń pè ní Ọ̀fadà kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Lónìí, ewé díẹ̀ ni wọ́n ń gún, wọ́n á yọ àbùdá tí òbí fi lé ọmọ lọ́wọ́, wọ́n á sì kà á bí ẹni ń fi ilà ojú mọ ìdílé. Ní 2014 wọ́n gbé èsì irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde lórí ìrẹsì 3,000 láti orílẹ̀-èdè 89. Nígbà tí wọ́n ka ti àwọn NERICA tí CG 14 bí, wọ́n rí i pé ìpín ti Áfíríkà nínú wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Abájọ tí wọn kì í fi í bo èpò mọ́lẹ̀ tó CG 14 fúnra rẹ̀, tí ẹni tó gbin FARO 55 sì ní láti ro ó. Púpọ̀ nínú ohun tí CG 14 àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní ni a kò tíì lò. Inú yàrá òtútù tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn sí ló wà, àti lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ díẹ̀ ní Casamance àti lórí àwọn òkè ilẹ̀ Tógò tí wọn kò tíì fi ìrẹsì náà sílẹ̀.