Ilé, Ọjà àti Ọ̀nà ní Ìlú Èkó

Ilé nìkan kò tó ènìyàn. Ọ̀nà àtijẹ gbọ́dọ̀ wà nítòsí rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924. Ní 1928, ìjọba dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe. Ní 1955, ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Erékùṣù Èkó, ó sì kó ọ̀pọ̀ ẹbí lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun dára, ṣùgbọ́n oníbàárà kò bá oníṣòwò lọ. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, agbo ilé sì tú ká. Láti 2023, ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń kó èrò láti Mile 2 lọ sí Màrínà. Bí a ó bá kọ́ ilé àti ìsọ̀ sí ẹ̀bá ibùdó rẹ̀, kí owó ilé má ṣe lé tálákà jìnnà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe 1955 ni a tún ń ṣe.