Odò Bandama: Iná fún Orílẹ̀-èdè, Òǹgbẹ fún Bouaké

Ọmọ Nàìjíríà tó bá mọ bí dáàmù Kainji ṣe ṣí nǹkan bí 44,000 èèyàn nípò lẹ́bàá Odò Ọya kò ní ṣàjèjì sí ìtàn odò Bandama. Odò yìí gùn tó 800 kìlómítà. Láti àríwá Côte d'Ivoire ni ó ti ń ṣàn wá sí gúúsù, títí yóò fi wọ òkun ní Grand-Lahou. Bouaké, ìlú tó tóbi jù lọ nílẹ̀ àwọn Baoulé, wà láàárín òun àti N'Zi, ọ̀kan nínú àwọn odò tó ń ṣàn sínú rẹ̀.

Ní 1969, ìjọba Félix Houphouët-Boigny bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dáàmù ńlá kan sí Kossou. Baoulé ni Ààrẹ fúnra rẹ̀, ilẹ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ gan-an ni omi yóò sì bò. Àwọn tó lé ní 70,000 ni wọ́n ní kí wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́. Lóòótọ́, ìjọba dá àjọ AVB sílẹ̀, ó sì kọ́ abúlé tuntun fún wọn. Ṣùgbọ́n ilé ṣeé tún kọ́. Oko kọfí àti kòkó kò ṣeé dì lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ni ibojì àwọn baba ńlá. Nígbà tí wọ́n ní kí apá kan wọn lọ tẹ̀dó sí igbó San-Pédro ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, díẹ̀ péré ló gbà.

Ẹ̀rọ Kossou lágbára láti pèsè iná mẹ́gáwáàtì 174. Àmọ́ ọ̀dá àwọn ọdún 1970 dé, adágún náà kò sì kún tó bí wọ́n ṣe retí. Ìjọba tún kọ́ dáàmù mìíràn sí Taabo, nísàlẹ̀ odò kan náà, ní 1979.

Bouaké ńkọ́? Adágún Loka, tí kò tó Kossou rárá, ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀rọ ìlú náà ti ń wá. Ní 2018, Loka gbẹ. Láti Broukro (“kro” ni ìlú lédè Baoulé, bí ti Yamoussoukro) títí dé àwọn àdúgbò yòókù, ọkọ̀ agbomi ni aráàlú ń dúró dè fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, adágún Kossou, tí wọ́n fi ilẹ̀ Baoulé ṣe, tẹ́ rẹrẹ sí ìwọ̀-oòrùn wọn.