Kòkòrò Inú Obì

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé. Ẹni tó bá ta obì rí, ì báà jẹ́ ní Ṣàgámù, ì báà jẹ́ ní Bouaké ní Côte d'Ivoire, á jẹ́rìí sí i. Ọ̀tá inú ilé la sábà máa ń fi òwe yìí bá wí. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò dáhùn: ṣé gbogbo ohun tó ń gbé inú obì ló ń jẹ ẹ́?

Ìbéèrè yìí ló dà bí iṣẹ́ ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke lójú mi. Ìmọ̀ òògùn ló kọ́ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ilé-Ifẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti gboyè ọ̀mọ̀wé. Bakitéríà Escherichia coli, tí dókítà Theodor Escherich kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Jámánì ní 1885, ló gbájú mọ́. Inú ìfun gbogbo wa ló ń gbé, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í pa wá lára. Àwọn kan ló ní fọ́nrán tín-ín-tín tí wọ́n fi ń lẹ̀ mọ́ ara ìfun, tí wọ́n á to ara wọn léra bíi búlọ́ọ̀kù, tí ìgbẹ́ gbuuru ọmọ kò fi ní tètè dá. Ní 2000, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí èyí tí wọ́n rí lára àwọn ọmọdé ilẹ̀ Yorùbá: àwọn tó ń lẹ̀ mọ́ ìfun pàápàá, agbára wọn láti ṣeni léṣe kò dọ́gba.

Ní 2011, ọ̀kan nínú ìran tó ń lẹ̀ mọ́ ìfun yìí, tó ti gba májèlé lọ́dọ̀ ìran mìíràn, jà ní Jámánì. Ó lé ní 3,000 ènìyàn tó kó o, àgbàlagbà ló pọ̀ jù, ó sì pa ju 50 lọ.

Ọdún yẹn kan náà ni Okeke, tó ń kọ́ni ní Haverford College ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé *Divining Without Seeds* jáde, tó fi ń bẹ̀bẹ̀ fún yàrá àyẹ̀wò ní Áfíríkà. Ní 2014, ó padà sí Nàìjíríà, ó sì ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìpadàbọ̀ yìí ni mo kà sí jù. Bí ọmọ kan bá ń yàgbẹ́ gbuuru ní Ahougnansou, ní Bouaké, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, ohun yòówù kó fà á. Ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá le tó bẹ́ẹ̀ tó ń fẹ́ òògùn apabakitéríà, èwo ni ká fún un? Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ. Bí kò bá sí, àbá la óò máa dá, bakitéríà á sì máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń borí òògùn. Ní Ìbàdàn, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ka àbùdá bakitéríà láti mọ òògùn tí kò ràn wọ́n mọ́.