Ẹ̀jẹ̀ Tí Ó Há Sínú Ògóóró Ẹ̀yìn: Èsì fún Àwọn Tí Ń Fi Ìwọ̀n Ẹ̀jẹ̀ Mọ Ewu

Ohun tí ó gbé kálámù lé mi lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹlẹgbẹ́ wa kan sọ, pé akọ̀pẹ tí ó bá já lọ́pẹ, tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kò funfun, tí ọkàn rẹ̀ kò sì lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì dànù tó èyí tí a ó torí rẹ̀ dààmú, nítorí náà kí a tẹ́ ẹ sórí ẹní, kí a máa fi àdín wọ́ ọ lẹ́yìn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ní Tchaada, ní ilẹ̀ Ìfọ̀nyìn tí ìjọba ń kọ ní Ifangni, níbi tí ọ̀pẹ ti ń bọ́ ọ̀pọ̀ agbo ilé, irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lè sọ géńdé di arọ.

Òǹkàwé wa mọ bí eegun ẹ̀yìn ti tò, ó sì mọ mùdùnmúdùn tí ó gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyàtọ̀ kan ni kí a dúró tì: ẹ̀jẹ̀ tí ń dànù kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó há. Èyí tí ń dànù láti ojú ọgbẹ́ itan, ìwọ̀n rẹ̀ ni a fi ń mọ ewu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ihò ògóóró ẹ̀yìn kò ní àyè, eegun yí i ká bí ògiri, tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tí kò kún ife kékeré, bí ó bá dì sáàárín eegun àti awọ tí ó bo mùdùnmúdùn, yóò fún mùdùnmúdùn náà pa. Kékeré ni abẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nínú èyí tí ó há pàápàá, ọ̀nà pín: èyí tí ó wà lóde awọ, oníṣẹ́ abẹ lè kó o kúrò, èyí tí ó dà sínú omi tí ó yí mùdùnmúdùn ká a máa mú orí fọ́, a sì máa mú ọrùn le, èyí tí ó ṣẹlẹ̀ nínú mùdùnmúdùn gan-an ni ọwọ́ kì í sábà tó.

Jíjábọ́ àti jàǹbá alùpùpù nìkan kọ́ ní í fà á. Oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, bíi warfarin, lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ẹ̀jẹ̀ àìdì, òpó ẹ̀jẹ̀ tí a bí ní wíwọ́, àti abẹ́rẹ́ tí a gún sí ẹ̀yìn. Èyí tí ó ṣàdédé dé, tí oníṣègùn Jackson ti kọ nípa rẹ̀ ní 1869, ṣọ̀wọ́n: a fojú bù ú sí ẹnì kan nínú mílíọ̀nù kan lọ́dún. Ìrora a kọ́kọ́ gún ọrùn tàbí ẹ̀yìn bí ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ a wúwo, ara a kú, ìtọ̀ a sì sé.

Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Kí a tẹ́ ẹni náà gbọọrọ sórí pákó, kí ọrùn rẹ̀ má mì, kí a gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ MRI yóò ti fi ojú ibẹ̀ hàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń fún mùdùnmúdùn, kí a ṣí eegun, kí a kó o kúrò; àwọn tí a ṣe é fún kí wákàtí 12 tó pé ni ó sábà ń sàn fún jù. Láti 1962 tí Látúndé Ọdẹ́kú, ọmọ Àwẹ́, ti gbé irú iṣẹ́ abẹ yìí dé ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa mọ́.

N kò sọ pé gbogbo ẹni tí ó já lọ́pẹ ni ẹ̀jẹ̀ há sí lẹ́yìn. Eegun tí ó yẹ̀ lè rọ ẹsẹ̀ bákan náà. Síbẹ̀, ó jọ pé ẹni tí ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ń kú, ibi tí ọ̀rọ̀ wà kọ́ ni ó ń wò.

Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobè láti 1922, tí a ń wádìí bí ọ̀pẹ yóò ṣe so jọjọ. Ṣùgbọ́n igbà tí akọ̀pẹ fi ń gun ọ̀pẹ, bí a ti ń hun ún, bí ó ti ń gbó, àti ibi tí ó ti ń já, ni mo fẹ́ fi iṣẹ́ mi tí ó kàn wádìí, nítorí ìwòsàn tí ó dára jù fún ẹ̀yìn akọ̀pẹ ni igbà tí kò já.