Core Tí Kò Jí: Àìgbọ́ra-ẹni-yé Bootloader àti Kernel

Core tí kò jí ni ìṣòro kọ̀ǹpútà tí ọpọlọ rẹ̀ ní core méjì, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá tàn án. Ẹ̀rọ náà kì í kú, ó kàn ń wọ́ bí ìgbín ni. Ní Agbowó, níwájú ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé láàpútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wá fún àtúnṣe, ó rọrùn kí wọ́n di ẹ̀bi ru RAM tàbí háàdì dísìkì. Owó á jáde, ìṣòro ò ní lọ.

Core kan péré ló máa ń jí nígbà tí iná bá wọlé. Òun ló ń ṣiṣẹ́ bootloader, bíi GRUB tàbí U-Boot, tó ń gbé kernel, ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, sínú RAM. Kernel ló wá ń jí àwọn yòókù. Linux ti ń ṣe èyí láti ẹ̀dà 2.0 ti ọdún 1996. Lórí Intel àti AMD, kernel ń ka iye core nínú tábìlì ACPI, ó sì ń fi àmì INIT àti SIPI ránṣẹ́ sí wọn. Lórí ARM, ọ̀nà pọ̀. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù kan, core ń dúró de àdírẹ́sì tí kernel máa kọ sínú RAM. Lórí òmíràn, kernel ń pe PSCI, iṣẹ́ tí bootloader tàbí firmware ti gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ dè é. Bí kò bá sí ẹni tó máa dáhùn ìpè náà, core yóò sùn lọ.

Àpẹẹrẹ tó yé ènìyàn jù ni Allwinner A20, ọpọlọ olórí méjì tó wà nínú Cubieboard2 àti Banana Pi. Kernel 3.4 àtijọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jí core kejì, ipò ààbò (secure) ló sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. U-Boot tuntun ń gbé kernel wọ ipò tí kì í ṣe ti ààbò (non-secure), ó sì ń fi PSCI sílẹ̀ dè é. Ẹni tó bá fi kernel tuntun sórí U-Boot àtijọ́ yóò rí core kan. Ẹni tó fi kernel 3.4 sórí U-Boot tuntun ní láti kọ setenv bootm_boot_mode sec kó tó tàn án.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kọ nproc, kí ẹ sì fi /sys/devices/system/cpu/present wé online tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú dmesg, “CPU1: failed to come online” ń fi hàn pé kernel pè é, kò dáhùn. Lẹ́yìn náà, ẹ ka /proc/cmdline, níbi tí àwọn àṣẹ tí bootloader fún kernel wà. Mo rò pé ibí ló yẹ kí gbogbo atúnláàpútọ́ọ̀pùṣe kọ́kọ́ wò: ẹni tó fi Linux sórí ẹ̀rọ tó ń dúdú lójú lè ti fi acpi=off kún un, kó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Láìsí ACPI, kernel kì í sábà mọ̀ pé core mìíràn wà. nosmp àti maxcpus=1 náà ń mú kí core kan ṣoṣo ṣiṣẹ́. Lórí Windows, ẹ wo “Number of processors” nínú msconfig, kí ẹ mú àmì tó wà níbẹ̀ kúrò.

Ní ti bọ́ọ̀dù Allwinner, U-Boot kì í gbé inú fódà kankan. Ìwọ̀n 8 KB láti ìbẹ̀rẹ̀ káàdì SD ló máa ń wà, ṣáájú gbogbo pátíṣọ̀n. Nítorí náà, àpdéètì tó pààrọ̀ kernel lè má fọwọ́ kàn án rárá. Àṣẹ dd ni wọ́n fi ń kọ tuntun síbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe ẹ̀dà ti àtijọ́ pamọ́.