6-3-3-4: ti Jàpáànù àti tiwa

Ní Cinco Ranch tí à ń gbé yìí, nítorí ilé ẹ̀kọ́ Katy ni ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ṣe ra ilé síbí. Tí a bá ti jókòó pọ̀, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi sọ pé, "Àwa o, 6-3-3-4 la ṣe," bí ẹni pé Nàìjíríà ló hùmọ̀ rẹ̀.

Jàpáànù ti lò ó ṣáájú wa. Lẹ́yìn ogun, ní 1946, Amẹ́ríkà rán àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀. Nígbà tó di 1947, òfin dé: ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ dandan. Tiwa ti wà nínú ìwé ìlànà ìjọba láti 1977, ṣùgbọ́n 1982 la tó bẹ̀rẹ̀. (Nọ́ọ̀sì ni mí, nítorí náà márùn-ún ni "mẹ́rin" tèmi.)

Ẹ má rò pé àwọn ará Jàpáànù kàn jí lọ́jọ́ kan tí gbogbo rẹ̀ gún. Ní 1872 ni ìjọba wọn ti pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Owó rẹ̀ wà lọ́rùn òbí, oko sì ń dúró de ọmọ; lọ́dún kejì, àwọn àgbẹ̀ kan tí inú ń bí dáná sun ilé ẹ̀kọ́. 1900 ni wọ́n tó mú owó kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohun tí Awólọ́wọ̀ ṣe ní Ìwọ̀ Oòrùn wa ní January 1955 nìyẹn. Kì í ṣe pé a kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni owó àti tíṣà. Ní Jàpáànù, ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jọ ń san owó oṣù tíṣà. Ìwé kíkà jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án náà. Wọ́n máa ń ṣí tíṣà kiri láti ilé ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, kí àwọn tó dáa má baà kóra jọ sójú kan. Ẹni tó bá ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílé láàárín 1990 sí 1999 mọ ohun tí ìyanṣẹ́lódì tíṣà jẹ́.

Àwọn ọmọ wọn ló ń gbá kíláàsì fúnra wọn, àwọn ló sì ń bu oúnjẹ ọ̀sán fúnra wọn. Àwa náà gbálẹ̀, a fi àdá gé koríko, ṣùgbọ́n ìyà ni wọ́n fi koríko gígé jẹ wá.

Nítorí Intro Tech, ìjọba ra ẹ̀rọ wálé láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, inú àpótí ló wà: kò sí iná, kò sí tíṣà tó mọ̀ ọ́n lò. Nígbà tí mo fi wọ JSS 1, àwòrán ẹ̀rọ là ń yà sínú ìwé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí máàsì kò wọ̀ ọ́ lórí, ló ń tún rédíò gbogbo àdúgbò ṣe. Ìlànà yẹn ní kí irú rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn JSS 3. Kò sí ọ̀kankan nítòsí wa. SS 1 ló wọ̀ bíi gbogbo wa, ó sì ṣe WAEC lẹ́ẹ̀mẹta.