Àbàtà Àfọwọ́ṣe àti Àwọn Òṣìṣẹ́ Inú Rẹ̀

“Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan,” ni àwọn baba wa ń wí. Ìbátan náà kò pa mọ́ fún àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe àbàtà, kí omi ìdọ̀tí ìlú lè gba ibẹ̀ kọjá kí ó tó wọ odò. Náítírójìn inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ yọ kúrò. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òórùn lásán. Ní 1945, Hunter Comly, dókítà kan ní Iowa ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí ara wọn di àwọ̀ aró, nítorí pé náítíréètì pọ̀ jù nínú omi kànga tí a fi po oúnjẹ wọn.

Ta wá ni ń yọ ọ́? Ní 1877, ní ilẹ̀ Faransé, Schloesing àti Müntz rọ yanrìn tí wọ́n ti fi iná yan, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú òkúta ẹfun, sínú ọ̀pá gíláàsì gígùn kan. Wọ́n ń da omi ìdọ̀tí sí i díẹ̀díẹ̀ láti òkè. Fún nǹkan bí 20 ọjọ́, bí amóníà ti wọlé lókè bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń jáde nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni amóníà bẹ̀rẹ̀ sí pòórá, tí náítíréètì sì yọjú. Bí ó bá ṣe pé yanrìn ni ó ṣe é, kí ló dé tí kò ṣe é lọ́jọ́ kìíní? Wọ́n wá fi oru kilorofọ́ọ̀mù sí i, oògùn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ ìgbà náà fi ń kun aláìsàn lóorun, iṣẹ́ sì dúró. Ohun tí a lè kùn lóorun kì í ṣe òkúta. Ẹ̀mí ń bẹ níbẹ̀.

Ní 1886, Gayon àti Dupetit ṣàlàyé apá kejì: níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn a máa fa ọ́síjìn inú náítíréètì, náítírójìn a sì fò padà sínú afẹ́fẹ́. Ní 1890 ni Sergei Winogradsky, ará Rọ́ṣíà, wá rí àwọn ti àkọ́kọ́ yà sọ́tọ̀. Àwọn ẹlòmíràn ti fi oúnjẹ aládùn pè wọ́n, wọn kò jẹ́. Òun mú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kúrò, ó fi amóníà sílẹ̀, ni wọ́n bá gbèrú. Ẹ wo irú àlejò yìí!

Láàárín 1950 sí 1960, Käthe Seidel ń gbin koríko etí omi sínú omi ìdọ̀tí ní Plön, ní Jámánì. Ní 1974, wọ́n lo ọ̀nà Reinhold Kickuth ní Othfresen. Òun gbà pé gbòǹgbò ìféefèé ń gbé afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ilẹ̀. Ó dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, afẹ́fẹ́ náà kéré. Díẹ̀ nínú náítírójìn náà ni koríko fúnra rẹ̀ ń jẹ, bí a kò bá sì gé e, yóò rà, yóò dá a padà sómi. Lójú tèmi, ìyìn òṣìṣẹ́ ni a ti ń fún onílé.

Nítorí náà ni àwọn kan fi ń ṣe yàrá méjì. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n a da omi sórí yanrìn, wọ́n a dáwọ́ dúró kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, wọ́n a tún da òmíràn. Èkejì kún fún omi, afẹ́fẹ́ kò sì ráyè. Ewé tí ó rà níbẹ̀ wà lára oúnjẹ àwọn ti yàrá kejì, nítorí pé àwọn wọ̀nyí kò dà bí ti Winogradsky: wọn kì í fi ebi ṣiṣẹ́.